Àtẹ́wọ́ Méjì

Èmi ni wọ́n ní mo gbowó ta bọ́ọ̀lù. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ, torí ìròyìn burúkú kì í dúró wọ bàtà kó tó jáde. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kó tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́nu mi, torí kò tíì tò nínú orí mi náà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi bọ́ọ̀lù jẹun: ẹgbẹ́ mọ́kànlá, orílẹ̀-èdè méje. Báàgì ni àwọn akẹgbẹ́ mi ń pè mí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá ń wá ibi tí wọn yóò fi aṣọ kọ́, èmi ti ń wá ibi tí màá gbé báàgì mi sí tí kò ní jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti gbá bọ́ọ̀lù lórí yìnyín títí n kò fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì wà nísàlẹ̀ mi. Mo ti gbé nílùú tí mo fi oṣù mẹ́ta na ìka sí búrẹ́dì kí n tó mọ orúkọ rẹ̀ lédè wọn. Ojú mi ti rí tó. Ohun tí ìrìnkèrindò náà sì ṣe fún mi ni pé bí mo bá jí tí mo fẹ́ tan iná, ọwọ́ mi kì í lọ síbi tí à ń tẹ̀ kí iná tàn. Á lọ síbi tó wà nílé tí a gbé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó mi ní òun máa ń rí mi tí mò ń fọwọ́ pa ògiri lásán bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí láìsí èyí ọ̀rọ̀ náà kò ní yé yín. Àárín pápá ni mò ń gbá. Ẹni tó ń gbá iwájú, ilé ayò ló ń wò. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, ẹni tó ń bọ̀ wá bá a ló ń wò. Àwa ará àárín ni ogun yí ká. Aṣọ́lé wa á gbá bọ́ọ̀lù sí mi, màá kọjú sí i, màá kẹ̀yìn sí gbogbo ayé, àwọn tó fẹ́ gbà á lẹ́sẹ̀ mi á sì ti máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Kí bọ́ọ̀lù náà tó kàn mí, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí màá fún. Ojú kò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe, etí ló ń bá a parí rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá dé ẹgbẹ́ tuntun, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ni mo kọ́kọ́ ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń pe bọ́ọ̀lù ni. Níbìkan, wọ́n ń súfèé. Níbòmíràn, orúkọ ẹni ni wọ́n ń ké. Ibì kan tún wà, kí Ọlọ́run má dá mi padà síbẹ̀, èébú ni wọ́n fi ń pè é: ẹni tó bá bú ọ jù lọ ni kí o gbá a fún.

Ní ẹgbẹ́ kẹta tí mo gbá fún, àtẹ́wọ́ méjì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ga gàgàrà, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀pẹ, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Á wà lẹ́yìn mi lápá òsì, á rẹ ọwọ́ sílẹ̀ kí àwọn alátakò má baà rí i, á wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pá-pá. Èmi á fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gbá a fún un láìwẹ̀yìn. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí mo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ibi tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kúrò, mo sunkún nínú ọkọ̀ òfurufú, mo sì purọ́ fún ìyàwó mi pé ọ̀fìnkìn ló ń dà mí láàmú.

Ọdún yẹn la bí ọmọ wa. Òun nìkan la bí. Lọ́yà ni mo sọ ọ́, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní bi yín pé ẹ̀rí rẹ̀ dà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló sì ti lọ. Ní gbogbo ilé tí a ti háyà, òfin kan ṣoṣo ló wà, ìyá rẹ̀ ló ṣe é: a kì í kan ìṣó mọ́ ògiri. Ó ní ìṣó tí a bá kàn, àwa náà la máa yọ ọ́, àwa náà la máa dí ihò rẹ̀, kí ló wá dé tí a ó fi máa fún ara wa níṣẹ́. Àwòrán ìgbéyàwó wa ti lo ọdún mẹ́wàá lórí ilẹ̀, ó fara ti ògiri bí ọmọ tí tíṣà ní kó lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í yí padà ni bọ́ọ̀lù ìbọ̀sẹ̀. Mo ká ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin sínú ara wọn, mo rán an yí po, ó sì ń bá wa lọ láti ilé dé ilé. Kò sí ilé tí kò ní kọ́rídọ̀. Èmi á dúró, màá kẹ̀yìn sí Lọ́yà, òun á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì gbá a sí i láìwò. Àtìgbà tó ti lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ la ti ń ṣe é. Tí bọ́ọ̀lù náà kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, á ní òun sún ẹjọ́ mi síwájú, kí n padà wá lọ́la.

Ìlú tí a wà yìí la ti fẹ́ jókòó. Alága ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin kan tó ń ta táyà mọ́tò, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ tán láé, ti ṣèlérí ìwé àdéhùn ọlọ́dún méjì fún mi. Ó ní tí ọdún méjì náà bá pé, kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà, kí n má lọ síbì kankan mọ́. Ọjọ́ Ajé la fi àdéhùn sí pé màá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́yà ti ní ọ̀rẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: ọmọ ìyá aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Wọ́n jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n jọ ń bọ̀, wọ́n sì jọ ní àpótí kékeré kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀. Ó ti sọ fún wa pé bí a bá tún ń lọ, kí a máa lọ ní àlàáfíà, òun máa gbé lọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi gba òòlù lọ́wọ́ onílé, ó kan ìṣó kan mọ́ ògiri kọ́rídọ̀, ó sì gbé àwòrán náà kọ́.

Ó bojú wò ó títí. Ó ní, "Ó mà wọlé dáadáa." Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ sọ̀rọ̀ tó máa bà á jẹ́.

Ìdíje ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ. Àtìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, wọn ò dé àṣekágbá rí, àwọn àgbà ìlú tí kì í jáde nílé pàápàá wá sí pápá. Ẹ wá gbọ́ o: Ọ̀pẹ wà nínú ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá gbá. Òun náà ti rìn kiri bíi tèmi, irun iwájú orí rẹ̀ ti ń ṣí. A pàdé ní ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń gbà bọ́ sí pápá, a dì mọ́ra wa, a ò sì tètè jára wa sílẹ̀. Ó sọ sí mi létí pé sáà òun ìkẹyìn nìyẹn, pé òun kò tíì jẹ ayò kan ṣoṣo látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, pé ó jọ pé òun máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó rẹ́rìn-ín sí i, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tí a ò rí ń fi fóònù ya wá.

Pápá wa kéré. Ìjókòó àwọn ẹbí agbábọ́ọ̀lù kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ sí ìlà apá òsì, abẹ́ páànù báyìí. Ìyàwó mi kì í wá, ó ní àyà òun kò gbà á. Ìyá aránṣọ ló kó Lọ́yà àti ọmọ tirẹ̀ wá, àwọn ọmọ méjèèjì sì jókòó sí ìlà iwájú.

Ayò kọ̀ọ̀kan ni, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ̀rù ti gba ohùn lẹ́nu àwọn èrò, gbogbo pápá dákẹ́. Aṣọ́lé wa gbá bọ́ọ̀lù sí mi. Mo kọjú sí i, mo kẹ̀yìn sí ayé, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo sì gbọ́ ọ lẹ́yìn mi lápá òsì, pá-pá. Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Ó fi ẹ̀yìn gbá a lọ síbẹ̀ wẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù tó dùn jù tí mo gbá ní gbogbo sáà náà. Nígbà tí mo yíjú, Ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún. Àwọn ẹ̀yìn wa ti tú ká torí wọ́n rò pé ọwọ́ wa ni bọ́ọ̀lù wà. Ó gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì gbá a wọlé. Kò yọ̀. Ó kàn káwọ́ lérí ni.

Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, fídíò ibi tí èmi àti Ọ̀pẹ ti dì mọ́ra ti dé ọwọ́ gbogbo ìlú, wọ́n sì ti lẹ fídíò ibi tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù fún un mọ́ ìdí rẹ̀. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ rí? Ìyá aránṣọ tó máa ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ojú abẹ́rẹ́ ló ń wò nígbà tí mo kọjá, kò sì sí òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó yẹ kí n fi báírò tọwọ́ bọ̀wé, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ní kí n jókòó sí. Alága wà níbẹ̀, kóòṣì wa náà wà níbẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí òun náà ti gbá àárín nígbà ayé rẹ̀, tí orókún rẹ̀ sì ń dún bó bá ń jókòó. Lẹ́yìn wọn, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tí wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ sápá kan, kí àyè lè wà fún ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀. Ojú mi kò kúrò lára àyè òfìfo yẹn.

Wọ́n bi mí pé kí ni Ọ̀pẹ sọ sí mi létí. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Kó tó jáde tán lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀ pé mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Alága ní ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, mo ṣàánú ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi ìlú odindi ṣe ìtọrẹ. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́, pé Ọ̀pẹ ló pàtẹ́wọ́ fún mi bíi ti àtijọ́, ó fi tàn mí jẹ ni. Kóòṣì tan fídíò tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yà. Orí òpó gíga ni ẹ̀rọ náà wà, kì í gba ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í rí. Ọ̀pẹ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là gbayawu, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kóòṣì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ Ọ̀pẹ kò pàdé ara wọn.

Kóòṣì bi mí pé, "Àtẹ́wọ́ dà?"

Orí yeye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mo mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ sáà máa ń mọ̀ pé òun ò ṣẹ̀. Èmi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú òtítọ́, wọ́n sì gbé ìwé àdéhùn náà sórí tábìlì kí n lè máa wò ó bí mo ṣe ń jáde.

Mo pe Ọ̀pẹ lórí fóònù lójú ọ̀nà, níwájú ṣọ́ọ̀bù onídígí kan. Mo bi í bóyá ó pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Àtẹ́wọ́ kẹ̀? Mo kàn ń sáré bọ̀ wá gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ ni. Mo rò pé o fún mi ni."

"Kí ló máa mú mi fún ọ?"

Ó ní, "Nítorí ohun tí mo sọ fún ọ. Báàgì, mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé o fún mi ni, jọ̀ọ́, má sọ fún mi."

Mo dúró síwájú àwọn dígí yẹn, èmi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ń wo ara wa, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀dí ọ̀rọ̀. Bóyá lóòótọ́ ni àánú rẹ̀ ṣe mí, tí ẹsẹ̀ mi sì gbọ́ ohun tí n kò sọ. Bóyá etí mi ló ń dún. Mo bi ọmọkùnrin tó ń gbá apá òsì nínú ẹgbẹ́ wa, ó ní òun kò pàtẹ́wọ́, pé orúkọ la máa ń ké níbí, àbí mo ti gbàgbé ni? Mo ti gbàgbé ni? Ẹni tó ń fọwọ́ pa ògiri ilé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ni kò lè gbàgbé? Nígbà tí mo délé, mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá wọ́n san nǹkan fún mi lóòótọ́ tí mi ò rántí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Lọ́yà dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìgbà yẹn ni mo tó fura pé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò tíì bi mí pé ẹ̀rí dà. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ kù. Mo rò pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi mí bú u, inú mi sì bàjẹ́. Mo mú bọ́ọ̀lù ìbọ̀sẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e kalẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo kẹ̀yìn sí i. Mo dúró. Kò sí ohun tó dún. Mo ní ilé ẹjọ́ ti jókòó o, Lọ́yà, à ń retí yín. Kò sí ohun tó dún síbẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wa, ó sì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Mi ò ní pàtẹ́wọ́ mọ́."

Mo bi í pé ìgbà wo ló pàtẹ́wọ́ kẹ́yìn. Ó wo ìṣó tó wà lókè orí rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Sátidé," ó ní. "Ẹ dúró bí ẹ ṣe ń dúró ní kọ́rídọ̀. Ẹ kẹ̀yìn sí mi. Mi ò rò ó, Dádì. Ọwọ́ mi ló kàn ṣe é."

Màá sọ òtítọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ìtìjú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ayọ̀. Mi ò ya wèrè, mi ò ta bọ́ọ̀lù, mi ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àtẹ́wọ́ wà lóòótọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí bó ṣe jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀, ayọ̀ náà sì tán. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ itan rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, àpá ìlà pákó ilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi ń fọ aṣọ fún ilé ìtura kan, agogo márùn-ún ló ń dé. A sọ ọ́ fún un. Ó jókòó pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ ti tán, ọmọdé ni, ta ló máa na ọmọ ọdún mẹ́wàá nítorí àtẹ́wọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó máa nà án, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló máa mọ̀ ọ́n sí ọmọ tó pàdánù ife-ẹ̀yẹ, kò sì ní sí ẹni tó máa jókòó tì í ní kíláàsì, títí kan ọmọ aránṣọ. Ó ní tí n kò bá sì sọ ńkọ́? Wọ́n á máa pè mí lólè, a ó sì tún di ẹrù wa. Ohun tí mo sọ tọ́, ohun tí òun sọ náà tọ́, bẹ́ẹ̀ a ò lè ṣe méjèèjì.

Lọ́yà ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Ó dìde dúró bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ gba ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é, èmi ni kí wọ́n pè. Tí ẹ bá sọ, a máa dúró. Tí ẹ ò bá sọ, a máa lọ. Mo fẹ́ ká dúró. Torí náà, ẹ sọ ọ́."

Ní gbogbo Ọjọ́rú, mò ń rìn yí pápá ká ní ìta ọgbà bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Bí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Bí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ́. Nígbà tí mo wọlé bá wọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi fúnra mi ò mọ èyí tó máa jáde lẹ́nu mi.

Kóòṣì bi mí pé ta ló wá pàtẹ́wọ́? Mo la ẹnu. Mo rí ìlà iwájú yẹn lójú mi, àwọn ọmọ méjì lábẹ́ páànù, ìbàdí wọn kan ara wọn.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, sà. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti Ọ̀pẹ fi gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbàgbé ẹni tí mò ń gbá fún."

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń ta táyà láti ọgbọ̀n ọdún, òun kò rí táyà tó gbàgbé ọkọ̀ tí wọ́n dè é mọ́ rí. Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ ra orókún rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà tí òun náà ti gbà rí.

Ó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ ò wẹ̀yìn. Mo gbà ọ́ gbọ́. O ò ta bọ́ọ̀lù, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé àárín pápá mi lé ẹsẹ̀ tó ń gbàgbé."

Alága ká ìwé àdéhùn náà sí méjì, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀. Àpá dúdú ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìwé náà. Wọ́n ní kí n parí sáà náà pẹ̀lú wọn, kí n wá máa lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ti di àṣà mi, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti lé mi ni mo ti dúpẹ́. Títí di òní n kò lè sọ bóyá gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn ni irọ́. Ẹsẹ̀ mi sáà gbàgbé. Ẹni tó rò pé òun ń gbá a fún ni mi ò sọ.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀, ó lọ gba òòlù lọ́wọ́ onílé, ó sì fi ẹ̀yìn òòlù náà fa ìṣó yọ. Ìṣó náà bá sìmẹ́ńtì jáde, odindi ẹ̀kúnwọ́ kan.

Lọ́yà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Rárá."

"Kí ló dé? Ṣé ẹjọ́ mi ò tọ́ ni?"

"Ó tọ́."

"Kí ló wá dé nígbà náà?"

Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni yóò tún mú un jókòó lé ọwọ́ rẹ̀. Mo mú bọ́ọ̀lù ìbọ̀sẹ̀ náà, mo gbé e kalẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo kẹ̀yìn sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó mi ń po bébà mọ́ omi láti fi dí ihò ògiri. Mo dúró pẹ́. Mo gbọ́ bí Lọ́yà ṣe ń mí lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí ó sún ẹsẹ̀ kan. Àtẹ́wọ́ dún lẹ́ẹ̀kan, kò sì le. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé kò ní tún dún mọ́. Lẹ́yìn náà, ó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbá a fún un láìwẹ̀yìn.